Kúlísúmù Oníkatakata àti Àwọn Àna Rẹ̀

Láyé ìgbà tí à ń sọ yìí, bí ẹ bá dé Cheverly nílùú òyìnbó tí ẹ ní ẹ ń wá ilé Àlàájà Kúlísúmù, ẹ lè rìn títí kí ẹ má rí i. Àmọ́ bí ẹ bá ní ẹ ń wá obìnrin tó ń gun katakata, ọmọdé àdúgbò á mú yín dé ẹnu ọ̀nà.

Obìnrin náà ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún. Ó ga, ó síngbọnlẹ̀, òun ló sì ń darí àwọn tó ń se oúnjẹ ní ilé ìwòsàn kan. Mẹkáníìkì ni bàbá rẹ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn, ìdí mọ́tò ló sì ti kọ́ ìrìn. Abájọ tó fi jẹ́ pé nígbà tí òyìnbó arúgbó tó ń gbé iwájú ilé wọn fẹ́ kó lọ sí Florida, tó kó ẹrù síta pé òun ń tà á, tí àwọn obìnrin yòókù ń yẹ abọ́ àti kọ́tìnnì wò, ìdí katakata kékeré kan ni Kúlísúmù dúró sí. Lẹ́ẹ̀rùn, koríko ni katakata ọ̀hún ń gé. Bí òtútù bá dé, ó ní ẹ̀rọ kan tí wọ́n máa ń so mọ́ ọn níwájú, tó ń fi ẹnu gbé yìnyín mì, tó sì ń pọ̀ ọ́ dànù láti ọ̀fun gígùn kan tó nà sókè.

Kúlísúmù ra katakata náà, ó sì sọ ọ́ ní Àjọkẹ́. Bó bá ti fẹ́ ṣáná sí i láàárọ̀, á kọ́kọ́ fi oríkì yìí kí i. Ọkọ rẹ̀, Alhaji Tájù, tó ń wa takisí, máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní mọ́sáláásí pé, “Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ obìnrin yìí, kò fi oríkì jí mi bẹ́ẹ̀ rí.”

Ohun kan ṣoṣo ló ń da Kúlísúmù láàmú: kò mọ ibi tó yẹ kí òun dúró sí. Bó bá ti kó yìnyín iwájú ilé tirẹ̀ tán, á bọ́ sí ti aládùúgbò, á tún bọ́ sí ti ẹni tí kò bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Lọ́dún kan, ó fọ́n yìnyín bo àpótí lẹ́tà ẹnì kan mọ́lẹ̀, ó sì di ìgbà tí oòrùn yọ́ ọ kí onítọ̀hún tó tún fojú kàn án.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù kẹta ọdún 1999 ni wọ́n dá fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Kamilah, ọmọ Kúlísúmù, àti Taofeek, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbé ní Adelphi. Àwọn òbí Taofeek ń bọ̀ láti Temple Hills, àwọn òbí ìhà méjèèjì kò sì tíì fojú rínjú rí. Gbogbo èèyàn ti rò pé òtútù ti kásẹ̀ ńlẹ̀. Àfi bí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣe mọ́, tí yìnyín ti bo gbogbo ayé. Kì í ṣe èyí tó fúyẹ́ bí òwú o. Ó rin gbindin, ó sì wúwo bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú nínú àpò.

“Mọ́mì, please, ẹ má jáde lónìí,” ni Kamilah ń bẹ̀ ẹ́. “Dádì can use the shovel.”

“Dádì ẹ wo? Èyí tí ẹ̀yìn ń dùn?”

Kúlísúmù ti ń wọ ẹ̀wù òtútù ọkọ rẹ̀. Ó fi ṣọ́ọ̀lù wé imú àti ẹnu, ó de fìlà mọ́ etí, ó sì fi awò ńlá bo ojú. Bí ìyá tó bí i lọ́mọ bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, á kí i ní sà.

Àmọ́ yìnyín ọjọ́ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ Àjọkẹ́. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà mọ́tò wọn tó fi há a lọ́fun. Kúlísúmù paná, ó fi igi tú u, nítorí ẹni tí ìka rẹ̀ bá sú ló ń tọwọ́ bọ ibẹ̀. Ó tún ṣáná sí i, ó tún há. Ló bá wọ ilé ìdáná, ó sì gbé ike òróró tí Kamilah fẹ́ fi dín ẹran.

“Mọ́mì!”

“Bí a bá fẹ́ se mọ́ínmọ́ín, ṣebí a máa ń fi òróró pa inú agolo kó má baà lẹ̀ mọ́ ọn.”

Ó fi òróró pa ọ̀fun Àjọkẹ́ láti òkè délẹ̀. Ó wá ń bu yìnyín náà díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sáré sí i, kó má ráyè dì. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Inú Kúlísúmù dùn débi pé nígbà tí tiwọn tán, ó gbàgbé pé òun ń retí àlejò, ó gba títì lọ sí ìsàlẹ̀ òkè.

Níbẹ̀ ló ti bá mọ́tò kan tó rì sínú yìnyín. Bàbá kan tó wọ agbádá dúró tì í, ìyàwó rẹ̀ sì jókòó sínú mọ́tò.

“Sir! Please help us, sir!” ni bàbá náà ń wí. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. “Fọkàn balẹ̀, Ìyá Taofeek. Òyìnbó yìí á ràn wá lọ́wọ́.”

Kúlísúmù fẹ́ dáhùn. Ó ti la ẹnu lábẹ́ ṣọ́ọ̀lù nígbà tí obìnrin náà sọ̀rọ̀.

“Ẹ ní kó ṣe kíá o, Bàbá Taofeek. Ṣé ẹ rántí ohun tí Taofeek sọ nípa ìyá ọmọ yẹn? Ó ní béèyàn bá pẹ́ dé, ìwàásù ló fi ń gbà á lálejò. Ó ní ọkọ rẹ̀ pàápàá, ṣe ló ń yọ́ rìn nínú ilé.”

Kúlísúmù mọ̀ pé ó yẹ kí òun fọhùn. Àmọ́ etí rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ ráyè. Ó mi orí, ó kó yìnyín ìdí táyà, ó so okùn mọ́ mọ́tò náà. Ìyá Taofeek di ìdarí mú, Alhaji Rasaq, bàbá Taofeek, sì ń tì í lẹ́yìn, etí agbádá rẹ̀ ń wọ́ nínú omi yìnyín.

“Wo ọkùnrin yìí,” ni Alhaji ń wí, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Kò sọ̀rọ̀, iṣẹ́ ló dojú kọ. Irú ẹni tó yẹ kéèyàn bá ṣe àna nìyí.”

Nígbà tí wọ́n bọ́, Alhaji bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé níbo ni ilé Alhaji Tájù wà. Kúlísúmù nawọ́ síwájú, ó sì fà wọ́n gòkè jẹ́ẹ́jẹ́ títí dé ojúlé ara rẹ̀.

Tájù ló ṣílẹ̀kùn. “Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àna wa. Ìyá Kamilah, ṣé ìwọ lo fà wọ́n wá?”

Kúlísúmù tú ṣọ́ọ̀lù. “Ẹ kú ewu ọ̀nà o. Ẹ máa wọlé. Ìwàásù ti jinná, ó ṣì gbóná.”

Alhaji Rasaq wo òkìtì yìnyín ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bí ẹni pé kó lanu gbé òun mì. Ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di Kúlísúmù mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀rín sì gba ẹnu ọ̀nà kan.

Àmọ́ nígbà tí Kúlísúmù wọ yàrá láti pààrọ̀ aṣọ, ẹ̀rín náà kò dé ọkàn rẹ̀ mọ́. Tájù wọlé wá mú fìlà.

“Alhaji, ṣé lóòótọ́ lẹ máa ń yọ́ rìn nínú ilé yìí?”

Tájù de fìlà rẹ̀. “Ṣebí ìdájí lo máa ń jáde lọ se oúnjẹ aláìsàn. Tó o bá sùn nírọ̀lẹ́, mi ò fẹ́ jí ẹ.”

“Ìdí ẹ̀ nìyẹn?”

“Ìdí kan nìyẹn. Ìdí kejì, jẹ́ ká lọ dá àwọn àlejò lóhùn.”

Kúlísúmù rẹ́rìn-ín wàyí, ó sì wé gèlè rẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí Taofeek dé pẹ̀lú bàtà tó rin, àwọn òbí méjèèjì ti ń jẹun bí ọmọ ìyá. Kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ìyàlẹ́nu sì ni bí ìyá ìyàwó rẹ̀ ṣe fún un lẹ́ran tó tóbi jù, tó ní, “Jẹ ẹ́ dáadáa, ọmọ mi. Ẹni tó ń ròyìn èèyàn gbọ́dọ̀ lókun.”

Lẹ́yìn oúnjẹ, Alhaji Rasaq bọ́ agbádá sílẹ̀, ó ní òun fẹ́ rí katakata náà. Kúlísúmù gbé e gùn ún. Ó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án, ó sì kìlọ̀ fún un nípa ọ̀fun Àjọkẹ́. Bàbá arúgbó ń lọ sókè sódò títí ìyàwó rẹ̀ fi jáde wá fà á sọ̀kalẹ̀.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n so yìgì àwọn ọmọ náà. Kí òtútù tó tún dé, Alhaji Rasaq ti ra katakata tirẹ̀ sí Temple Hills. Bí ojú ọ̀run bá ti ń ṣú báyìí, á ti gbé tẹlifóònù.

“Àna mi, ó dà bí ẹni pé ó ń bọ̀ o.”

“Mo ti rí i, Alhaji. Ṣé òróró wà nílé?”