Jókòójẹ́ẹ́ Tí Kì Í Ṣe Àmín

Kí ló mú ọkùnrin tí kò mọ̀wẹ̀ rárá bẹ́ sínú omi tó jìn? Mo ti bi Ọlọ́run, mo ti bi ara mi. Títí di òní, mi ò tíì rí èsì.

Ìtàn ọjọ́ tí Jókòójẹ́ẹ́ bẹ́ sómi yìí, gbogbo èbúté ló ṣì ń sọ ọ́. Òun ló ni ọkọ̀ tí a fi ń kó àwọn onígbàfẹ́ jáde láàárọ̀, àwọn díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ síbi tí omi ti mọ́ kedere, kí wọ́n lè lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n fi awò àti páìpù ìmí wo ẹja láàárín àpáta. Èmi ni mo ń tọ́jú ẹ́ńjìnì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó rí awò kan tó léfòó lójú omi, kò sí ojú kankan nínú rẹ̀. Tíṣà kan tó sanra ló ni ín. Ó pè é títí, kò gbọ́ ohùn. Kí n tó dìde, Jókòójẹ́ẹ́ ti bẹ́ sómi tòun ti bàtà, tòun ti fìlà, tòun ti kọ́kọ́rọ́ ilé.

Tíṣà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó rọ̀ mọ́ àkàbà, ó kó búrẹ́dì sẹ́nu. Òun gan-an ló wọ́ Jókòójẹ́ẹ́ jáde. Jókòójẹ́ẹ́ tu omi tó mu, ó wo tíṣà láti orí dé ẹsẹ̀, ó ní, “Ta ló ní kẹ́ ẹ jẹun láìsọ fún mi?”

Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Láti ìgbà tí a bá ti tú okùn ni yóò ti máa sọ fún wọn kí wọ́n jókòó jẹ́ẹ́, òun fúnra rẹ̀ kò ní fìdí kan ilẹ̀. Yóò lọ síwájú ọkọ̀, yóò padà sẹ́yìn, yóò fọwọ́ kan okùn, yóò tún ẹ̀wù ìléfòó dè fún ẹni tó ti dè é dáadáa. Ìyá àgbà kan bi í pé kí ló sọnù tó ń wá kiri bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ já.

Ó ní, “Kò sí, Màmá. Kó má baà sọnù ni.”

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nílé. Ìnàró ló ti ń jẹun, lẹ́bàá fèrèsé, tí yóò máa wò bóyá àwọn ọmọ ti wọlé, àwọn ọmọ tó ti lọ sílé ọkọ tipẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ní àga tí àwọn rà nígbà ìgbéyàwó ṣì dà bí tuntun.

Ọ̀rọ̀ àdúrà ni kò jẹ́ ká gbọ́ ara wa yé. Èmi ni mo máa ń gbàdúrà ká tó gbéra. Gbogbo èèyàn á dijú, á ṣe àmín. Tí mo bá lajú, màá rí Jókòójẹ́ẹ́, ojú rẹ̀ là kalẹ̀, ẹnu rẹ̀ pa dé. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé Ọlọ́run ń wò ó. Ó ní, “Wòlíì, ẹ́ńjìnì rẹ ń jò.” Ó sì ń jò lóòótọ́.

Mo rọ̀ ọ́ títí tó fi gbà láti dijú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdúrà ọjọ́ náà dùn mọ́ mi lẹ́nu. A ti rìn jìnnà kí ẹnì kan tó bojú wẹ̀yìn, ni a bá rí oníbàárà wa kan lórí èbúté, tó wọ bàtà ìlúwẹ̀ẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, tó ń ju ọwọ́ méjèèjì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ mú fìlà nígbà tí a ń gbàdúrà. Jókòójẹ́ẹ́ kò bá mi jà. Ó kàn ní, “Àdúrà yẹn gùn o.”

Kò dijú mọ́ látọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń jẹ mí lọ́kàn. Níbo ni ẹni tí kì í ṣe àmín yóò dúró sí níwájú Ẹlẹ́dàá? Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí awò yẹn léfòó, èmi tí mò ń gbàdúrà láràárọ̀, àdúrà kankan kò wá sí mi lẹ́nu. Ẹni tí kì í ṣe àmín ló bẹ́ sómi.

Nígbà tí àìsàn wá dá a dùbúlẹ̀, ó ṣì ń gbórí sókè wo ẹnu ọ̀nà. Mò ń gbàdúrà lójoojúmọ́, ara kò yá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó àti àwọn ọmọ yí ibùsùn ká. Bí mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà ló dì mí lọ́wọ́ mú. Ojú rẹ̀ lọ láti ara ẹnì kan dé ara ẹlòmíràn, bó ti máa ń ṣe nínú ọkọ̀.

Ó ní, “Ṣé gbogbo wa pé?”

Mo ní a pé.

Ó mí kanlẹ̀. “Wòlíì, mo fẹ́ ṣe àmín lónìí. Jọ̀ọ́, ìwọ bá mi la ojú tìẹ sílẹ̀.”