Bàbá Láwàl, Alágbàwí Eku

Ohun tó sọ olóògbé Bàbá Láwàl di olókìkí ní Tanke kò ju eku lọ. Ogójì eku funfun ni Dókítà Sakinah kó sínú àgò ní yunifásítì, tó ń fi bọ́tà àti ṣúgà bọ́ títí gbogbo wọn fi sanra rọ̀bọ̀tọ̀. Ó wá pín wọn sí méjì. Ó ní kí ogún máa mu omi ewúro, kí ogún yòókù máa mu omi lásán, kí òun lè mọ̀ bóyá ewúro ń fa ọ̀rá àti ìtọ̀ ṣúgà sẹ́yìn lóòótọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó gbé wọn sórí ìwọ̀n. Àwọn tó mu ewúro fúyẹ́. Àwọn tó mu omi lásán náà fúyẹ́.

Ibi tí Sakinah ti káwọ́ lérí ni Bàbá Láwàl, tó ń tọ́jú àwọn eku náà, ti wọlé wá kí i kú oríire.

"Dókítà ọmọ mi, èmi náà gbìyànjú o. Mò ń bu omi ewúro díẹ̀díẹ̀ fún àwọn ogún tó ń mu omi lásán yẹn. Kí la fẹ́ wí níwájú Ọlọ́hun? Eku ni gbogbo wọn, o wá fún àwọn kan lóògùn, o fi àwọn tó kù sílẹ̀ nínú àìsàn. Àbòsí nìyẹn."

Àwa ń fi rẹ́rìn-ín báyìí, ṣùgbọ́n Sakinah ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọdún méjì ni wọ́n fún un láti fi kọ́ṣẹ́ ìwádìí lẹ́yìn tó ti gboyè dókítà, ó sì ku oṣù mẹ́rin péré. Bí kò bá rí nǹkan gidi mú jáde, ilé ló ń lọ.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kò ti yé Bàbá pé ẹni tó ti di dókítà tún ń kọ́ṣẹ́. Àgbẹ̀ ni lápá Malete kó tó gbaṣẹ́ ìjọba, ó sì máa ń ní òun ò rí ẹni tó ṣe wòlíìmọ̀ Kùránì tán tó tún padà sídìí wàláà rí. Ó fa Sakinah sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan, ó rọra bi í bóyá ó fìdí rẹmi nínú ìdánwò ni.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá gan-an ò yé e. Lójú tiẹ̀, ikùn ńlá ni àlùbáríkà, ẹni tó rù ni kí wọ́n wá oògùn fún. Eku tó sanra jù lọ ló sọ ní Alájì. Kì í kọjá àgò rẹ̀ láì kí i, Alájì ò sì dá a lóhùn rí. Bàbá ní bí àwọn olówó ṣe ń ṣe nìyẹn.

Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀, ọ̀gá Sakinah, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó ní kí wọ́n lé Bàbá lọ. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni, kì í fọ̀rọ̀ ṣeré. Sakinah bẹ̀ ẹ́. Ó ní Bàbá ló fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́, pé ká ní ó dákẹ́ ni, àwọn ì bá ti kọ irọ́ sínú ìwé pé ewúro ò wúlò. Ọ̀jọ̀gbọ́n gbà.

"Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i," ló wí. "Tó bá tún bàjẹ́, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń lọ."

Wọ́n kó eku tuntun wọlé. Sakinah fi Bàbá jókòó.

"Bàbá, tí gbogbo wọn bá mu oògùn, ta ni yóò jẹ́rìí pé oògùn ló wò wọ́n?"

Bàbá yíjú sí àwọn àgò. "Ẹlẹ́rìí làwọn tó ń mu omi lásán?"

"Ẹlẹ́rìí ni wọ́n."

"O ò sì tètè sọ."

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ di ti ilé ẹjọ́. Màsúdát tó ń gbálẹ̀ ò gbọdọ̀ gbé ẹ̀fọ́ kọjá lẹ́nu ọ̀nà mọ́. Láràárọ̀ ni Bàbá ń kí àwọn ẹlẹ́rìí, tó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe sùúrù, gbogbo wa la ó kú. Òun náà ló wá sọ fún Sakinah pé àwọn eku ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kì í jẹun lọ́sàn-án nítorí oòrùn, pé wọn ó rù lásán, wọn ó sì jẹ́rìí èké. Sakinah kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wọn oúnjẹ tó kù nínú abọ́ wọn, òótọ́ ni. Nínú gbogbo ìwé tó ti kà, kò sí èyí tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gbé àwọn àgò náà kúrò lóòrùn.

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni Bàbá Láwàl kú. Ó kírun àsùbá tán, ó jókòó sórí búùsù tó fi kírun, kò dìde mọ́. Kí Ọlọ́hun fi Àlùjánńà kẹ́ ẹ.

Sakinah fúnra rẹ̀ ló bọ́ àwọn eku lọ́sẹ̀ tó kù. Nígbà tó gbé wọn sórí ìwọ̀n, àwọn tó mu ewúro fúyẹ́, àwọn tó mu omi lásán ò yingin. Inú rẹ̀ dùn, ó yíjú sẹ́nu ọ̀nà láti pe Bàbá, ló bá bú sẹ́kún.

Nígbà tí ẹ̀kọ́ náà parí, wọ́n fún un ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ níbẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n ló yẹ kó kọ. Sakinah kọ Láwàl Àríyọ̀. Níbi tí wọ́n ti bèèrè oyè ẹni náà, ó kọ "Bàbá". Ọ̀jọ̀gbọ́n Kọ́lápọ̀ kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà. Ó wá mú bírò, ó fọwọ́ sí i.