Àwòrán Ẹ̀gbọ́n Mi ní Kouloundè

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ràkúnmí kan jáde láti inú ìwé, mo bu omi fún un, ó mu ún tán, ó sì padà wọnú ìwé lọ. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òyìnbó kan tó ń gbé ní Sokodé ló ni ìwé náà. Ó ń wá fi ọ̀dà yàwòrán wa ní ìlú wa, Kambolé, ó ní òun ń kọ́ ìmọ̀ nípa àwọn ará Ìlà-Oòrùn, àti pé àwa tí à ń kírun, ara wọn ni wá.

Nígbà tí àwọn àgbà rí láwàní àti ilé olórùlé róbótó nínú ìwé náà, wọ́n ní Mẹ́kà ni. Wọ́n bọ́ bàtà. Àáfáà wa ṣí ojú ewé kejì: obìnrin oníhòòhò lórí tìmùtìmù! "Aúsù bílláhì!" Ó pa ìwé dé bí ẹni rí ejò.

Ẹ̀rù bà wá, torí pé láàárọ̀ ọjọ́ náà, òyìnbó yìí ti ya ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi tó ti ń gúnyán, tó wérí, tó róṣọ kanlẹ̀. Ìdílé kan ní Bago sì ti gbé obì ìdána rẹ̀ wá. Ìyá mi ò lè jẹun mọ́.

Kò pẹ́ tí oníṣu kan ti Sokodé dé, ó fa bàbá mi sẹ́yìn àká. "Mo rí ojú ọmọ yín lára ògiri ilé òyìnbó, ní àdúgbò Kouloundè ní Sokodé. Ṣùgbọ́n, Baba, kò sáṣọ lára rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà ti dé Bago. Nígbà tí èmi àti bàbá mi dé ilé òyìnbó ní Kouloundè, a bá bàbá ọkọ àfẹ́sọ́nà ẹ̀gbọ́n mi níbẹ̀. Inú òyìnbó ń dùn: "Bí obìnrin Ìlà-Oòrùn ṣe ń rí nìyí!"

Bàbá mi nawọ́ sí àwòrán náà. "Mùsíè, Ìlà-Oòrùn wo? Ẹ̀yìnkùlé mi lo ti rí i, nídìí odó!"

Bàbá ọkọ sún mọ́ àwòrán. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ilà ojú rẹ̀ dà? Èyí kì í ṣọmọ Kambolé. Àna mi, ẹ jẹ́ ká máa lọlé."

Lónìí, ẹ̀yin ọmọ, fóònù lẹ fi ń ya ara yín ránṣẹ́ sẹ́ni tẹ́ ò mọ̀, àyà ò sì já yín.

Ràkúnmí yẹn, irọ́ ni, ẹ ti mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín bàbá ọkọ náà, èmi ni mo hùmọ̀ rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò béèrè ilà. Ó gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn ará Bago kò sì wá mọ́. Lóòótọ́ ni pé ilà kò sí níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń wo ojú.