Ìbéèrè Kẹsàn-án

Ọdún méjìlélógún gbáko ni ọkùnrin yìí fi kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní àwòrán yíyà, ọ̀dà kì í sì í kúrò léèékánná rẹ̀. Ẹ-Wò-Ó ni wọ́n sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwòrán wá sí kíláàsì, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ títí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yóò fi pé. Kí gbogbo wọn ṣáà máa wò ó ni. Ọmọ tó bá la ẹnu ṣáájú àkókò, ìta ni yóò ti parí ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Àwọn olùkọ́ yòókù ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó kọ́ mọ àwòrán wò, ẹ má jẹ́ ká purọ́.

Ìbínú ló lé e kúrò níbẹ̀. Gbọ̀ngàn àfihàn kan wà nígboro, tó jẹ́ pé ọmọ ẹni tí ọ̀gá ibẹ̀ bá mọ̀ nìkan ló ń rí àyè gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́. Nígbà tí wọ́n ń wá ọ̀gá tuntun, òun náà kọ̀wé.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ó wí fún ìyàwó rẹ̀. "Mo fẹ́ lọ ṣílẹ̀kùn fáwọn ọmọ mi."

Ìyàwó rẹ̀ wò ó tòkè-tilẹ̀. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ ṣáà má tì í mọ́ra yín."

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Wọ́n fún un ní àga tó ń yí, ẹ̀rọ amúlétutù tó ń gbọ̀n ju ẹni tó wà nínú yàrá lọ, àti akọ̀wé obìnrin kan tó ti rí ẹ̀yìn ọ̀gá mẹ́ta. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní kí wọ́n kó àwọn àwòrán tó wà nílẹ̀ wá kóun wò wọ́n. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ọ̀gá, a kì í wo àwòrán níbí. Fáìlì la máa ń wò."

Ó fẹ́ bínú, àmọ́ wọ́n ti ń pè é sípàdé. Wákàtí mẹ́ta ni ìpàdé náà gbà; orúkọ tí wọn yóò máa pe ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìpàdé ni wọ́n ń fà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹta, òun gan-an ló ń pe ìpàdé. Kí ojúsàájú má baà sí mọ́, ó ṣe fọ́ọ̀mù oníbéèrè mẹ́rìnlá. Kò sórúkọ lórí rẹ̀, nọ́ńbà nìkan ni. Ìbéèrè kẹsàn-án ló fẹ́ràn jù: "Ní ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, kí ni àwòrán rẹ máa ṣe fún ìlọsíwájú àwùjọ?" Ẹni tó bá fi ìbéèrè kan sílẹ̀, wọn ò ní wo iṣẹ́ rẹ̀ rárá. Ó ka fọ́ọ̀mù náà fún ìyàwó rẹ̀ bí ẹni ń ka lẹ́tà ìfẹ́. Níbi ìkẹrin ni oorun ti gbé obìnrin náà lọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, ọmọbìnrin kan tó ti kọ́ rí, èyí tí ọwọ́ rẹ̀ dáa jù nínú gbogbo wọn, gbé àwòrán ńlá kan tí wọ́n faṣọ wé wọlé, òógùn bò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìbéèrè kẹsàn-án ni mi ò lè dáhùn. Mi ò mọ ohun tó máa ṣe fún àwùjọ. Ẹ ṣáà bá mi wò ó."

"Ojúsàájú nìyẹn. Kọ nǹkan síbẹ̀."

"Sà, mo ti bá màmá mi ṣàdéhùn. Tí mi ò bá ríbi gbé e kọ́ lọ́dún yìí, mo máa lọ bá àbúrò wọn ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ adójútòfò. Mi ò ní yàwòrán mọ́."

Àánú ṣe é. Ó nawọ́ sí aṣọ náà. Akọ̀wé yọjú: "Ọ̀gá, wọ́n ti jókòó o."

"Gbé e ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀," ó wí. "Tí mo bá jáde, màá wò ó."

Ìpàdé lórí ìpàdé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwòrán náà fi wà lọ́dẹ̀dẹ̀, tí ọ̀gá ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láàárọ̀ lálẹ́, tẹ́nì kan tiẹ̀ ń gbé agboòrùn kọ́ ọ lára. Nígbà tó yá, wọ́n kó ogójì lẹ́tà wá fún un pé àwọn wọ̀nyí kò yege. Nọ́ńbà lásán ló wà lórí wọn. Ó bu ọwọ́ lù wọ́n lọ ràì, ó ní kí wọ́n gbé tíì wá.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọbìnrin náà dé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́, ó fẹ́ gbé ẹrù rẹ̀. Ọ̀gá rí ìbuwọ́lù ara rẹ̀, ojú sì tì í gidi. Ó tú ìpàdé ká, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó bẹ ọmọ náà pé kó jọ̀ọ́ tú aṣọ yẹn.

Ọmọ náà tú u. Àwòrán ìyá rẹ̀ ló yà. Obìnrin náà sùn lọ lórí àga gígùn lẹ́yìn iṣẹ́, bàtà wà lórí itan rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti sán. Omi lé ròrò sójú ọ̀gá. Ọmọbìnrin náà ń wo ẹnu rẹ̀. Bó bá sọ gbólóhùn kan péré, bóyá kò ní lọ síléeṣẹ́ adójútòfò lọ́jọ́ Ajé. Gbólóhùn náà wà nínú rẹ̀. Ó la ẹnu.

"Mítà mélòó ni gígùn rẹ̀?"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ọmọbìnrin náà wò ó díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í faṣọ wé ìyá rẹ̀ padà.

"Mítà méjì, sà," ó dáhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ọ̀gá wá bírò nínú àpò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.