Orúkọ Àwọn Tí Ẹ̀rù Ń Bà

Ọjọ́ kẹta tí Tóyìn kò wá sílé ìwé ni mo tó gbà fún ara mi pé èmi ni mo fa ọ̀rọ̀ náà. Mo jókòó sínú ọ́fíìsì mi, gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá sì kọjá níta, mo máa ń wo ilẹ̀kùn bóyá òun ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Tóyìn. Èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún, tí wọ́n ń sanwó fún kí n máa gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn, èmi ni mo fà á lé ọwọ́ àwọn tó lè ṣe é léṣe.

Kánsẹ́lọ̀ ni mí nílé ìwé girama kan tí kò jìnnà sí Òde-Ayé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí; iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé wa wá sí Òkìtìpupa, èmi náà sì wáṣẹ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ ni pé kí n gbọ́ ohun tí ọmọ kò lè sọ fún bàbá rẹ̀ tàbí tíṣà rẹ̀, kí n sì bá a wá ọ̀nà àbáyọ. Yàrá tí wọ́n ń kó ìgbálẹ̀ àti bọ́ọ̀lù tó ti bẹ́ sí ni wọ́n sọ di ọ́fíìsì fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, bàbá àgbàlagbà kan wá bá mi pé ọ̀nà abúlé wọn ti bàjẹ́, pé níwọ̀n ìgbà tí kánsẹ́lọ̀ ti dé, kí n bá wọn sọ fún ìjọba. Mo ní, "Bàbá, kánsẹ́lọ̀ àwọn ọmọ ilé ìwé ni mí, kì í ṣe ti wọ́ọ̀dù." Ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Kí wá ni iṣẹ́ rẹ gan-an?"

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ìjà ti gba ilé ìwé wa kan. Àwọn géńdé kan níta, tí wọn kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́, ń fa àwọn ọmọkùnrin wa sínú ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n á ní kí ọmọ lọ lu ẹnì kan, tàbí kó gba fóònù ẹnì kan, kó fi hàn pé ọkùnrin ni òun. Wọ́n ti fi ìgò fọ́ ọmọ kan lórí lẹ́yìn ọgbà. Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá wá, tí wọ́n bèèrè ẹni tó ṣe é, gbogbo kíláàsì wolẹ̀.

Ìyẹn ló mú mi dá Ẹgbẹ́ Àlàáfíà sílẹ̀. Ọmọ méjìlá ló kọ́kọ́ wọlé. Wọ́n fi Báyọ̀ ṣe alága, ọmọ gíga kan báyìí tí kì í yé rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi Tóyìn ṣe akọ̀wé. Mo sọ fún wọn pé, "Ẹgbẹ́ yín nìyí, ẹ̀yin lẹ máa darí ẹ̀." Ẹnu lásán ni.

Kò sí ẹni tó kàwé nílẹ̀ yìí tí kò mọ bébà àwọn aláriwo. Tíṣà á jáde ní kíláàsì, mónítọ̀ á máa kọ orúkọ ẹni tó bá sọ̀rọ̀. Tí tíṣà bá padà dé, á gba bébà, á na ọwọ́ sí pàṣán. Bí wọ́n ṣe kọ́ èmi náà nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá bi mí pé kí ni káwọn kọ́kọ́ ṣe, mi ò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń dá ìjà sílẹ̀ wá fún mi. Mo fi ọ̀rọ̀ tó lè pa èèyàn wé ariwo kíláàsì.

Tóyìn kọ ọ́ wá, orúkọ méje. Mo ká bébà náà sínú rẹ́jísítà mi, mo gbé rẹ́jísítà sórí tábìlì ní yàrá àwọn tíṣà, mo lọ sí ásẹ́mbílì. Mo gbàgbé pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbá yàrá àwọn tíṣà láàárọ̀. Lọ́sẹ̀ yẹn, SS3 ló kàn, Kúnlé ló sì di ìgbálẹ̀ mú. Orúkọ Kúnlé ló ṣìkejì lórí bébà náà.

Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò di dandan kó wà níbẹ̀. Tóyìn ló ní ọwọ́ ìkọ̀wé tó dára jù nílé ìwé wa, òun ni àwa tíṣà máa ń pè kó wá bá wa kọ nóòtì sójú pátákó. Kò sí ọmọ kankan, látorí JSS1 lọ, tí kò da ìkọ̀wé rẹ̀ mọ̀. Ìgbà tí mo dé láti ásẹ́mbílì, bébà ti lọ. Mo tú rẹ́jísítà títí, mo wo abẹ́ tábìlì. Mo wá ń sọ fún ara mi pé bóyá atẹ́gùn ló gbé e. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù títí dòní.

Lọ́jọ́ kẹta yẹn, èmi àti Báyọ̀ lọ sílé Tóyìn. Lọ́dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń gbé, lẹ́yìn oko rọ́bà. Màmá náà ń to púpurú, ìyẹn ẹ̀gẹ́ rìbìtì tí wọ́n máa ń yan gbẹ, sókè iná, kò dìde, kò sì kí mi. Ó kàn ní, "Tíṣà, ọma mi éè lọ ulé-ùwé mọ́."

Ọdún mẹ́rin tí mo ti lò níbẹ̀ ti jẹ́ kí n máa gbọ́ Ìkálẹ̀, èdè àdúgbò wọn, dáadáa. Ọmọ òun kò lọ sílé ìwé mọ́ ni màmá ń wí. Tóyìn dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì pa ọrùn ọwọ́ ọ̀tún.

"Tóyìn, wọ́n lù ẹ́ ni?"

"Wọn ò lù mí, mà. Kúnlé àti ẹnìkejì rẹ̀ ló dá mi dúró nínú oko rọ́bà. Kúnlé di ọwọ́ mi mú, ó ní, 'Ṣé ọwọ́ yìí ni?' Ó dì í mú títí ẹnìkejì fi ka orúkọ méjèèje tán. Wọ́n wá ní kí n máa lọ, pé àwọn ṣì ń bọ̀."

Màmá gbójú sókè, ó wò mí. "Ùwọ lo rán an?"

Mo ní, "Èmi ni, mà." Ó yíjú padà sí púpurú rẹ̀, ó ń tò ó lọ.

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún pirinsípà wa, bàbá jẹ́jẹ́ kan tí kò ní pẹ́ fẹ̀yìn tì, ó sì lọ fi ẹjọ́ sun ní tésàn, ṣùgbọ́n wọn ò tíì mú ẹnikẹ́ni. Nígbà tó dé, ó pè mí. Ó ní, "Ìyáàfin, ẹ tú ẹgbẹ́ yẹn ká. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbé òkú ọmọ kankan gba géètì yìí kọjá kí n tó lọ." Mi ò bá a jiyàn. Mo ti kọ lẹ́tà pé kí wọ́n yí ibi iṣẹ́ mi padà, ó wà nínú báàgì mi níbi tí mo dúró sí níwájú rẹ̀.

Mo pe àwọn ọmọ ẹgbẹ́ jọ láti sọ fún wọn pé ó ti parí. Kí n tó lanu, Báyọ̀ ti dìde. Lọ́jọ́ yẹn, kò rẹ́rìn-ín.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ní ẹgbẹ́ wa ni, ẹ̀yin náà lẹ sì sọ ohun tá a máa ṣe. Ká ní ẹ bi wá ni, a ò ní kọ orúkọ àwọn yẹn."

"Kí lẹ̀ bá ṣe?"

"À bá kọ orúkọ àwọn tí ẹ̀rù ń bà. Ẹni tí orúkọ ẹ̀ bá ti wà níbẹ̀, kò ní dá rìn mọ́. A ó máa lọ mú un wá láàárọ̀, a ó sì máa sìn ín délé."

Mo bi wọ́n pé ta ló máa kọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ń ba òun, lójú àwọn ọmọkùnrin tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ni gbogbo wọn bá ń wò mí. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, àgbà kì í sọ bẹ́ẹ̀ létí ọmọdé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kún mi lẹ́nu, mo sì tu ú jáde: "Ẹ̀rù ń bà mí. Mi ò lè jẹun. Tí ọ̀kadà bá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹsẹ̀ mi á máa gbọ̀n." Báyọ̀ ti bébà síwájú mi. Mo kọ orúkọ mi. Òun náà kọ tirẹ̀, wọ́n gbé bébà kiri, kálukú fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Kí wọ́n tó jáde ilé ìwé lọ́jọ́ yẹn, orúkọ tó wà níbẹ̀ ti lé ní ọgbọ̀n, a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ìkéde, kí ẹni tó bá fẹ́ kà á má bàa dààmú gbálẹ̀ kó tó rí i.

Mo bẹ pirinsípà pé kó fún wa ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì la lọ mú Tóyìn wá. Nígbà tí màmá rí nǹkan bí ogún ọmọ nínú aṣọ ilé ìwé lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá yà kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn kí Tóyìn lè kọjá. A dé ilé ìwé láyọ̀. Ọ̀sán ni ìjàngbọ̀n wà.

Báyọ̀ ti ro gbogbo rẹ̀: ẹni tó máa wà níwájú, ẹni tó máa wà lẹ́yìn. Kò sí ẹnì kankan nínú wa tó rántí pé iṣẹ́ ọgbà là ń ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, pé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ló máa ń mú àdá wá láti fi gé koríko. Àárín oko rọ́bà la dé kí n tó rí i. Kúnlé àti ẹnìkejì rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́. Mo bojú wẹ̀yìn, àdá wà lọ́wọ́ gbogbo Ẹgbẹ́ Àlàáfíà.

"Méjì péré ni wọ́n!" ọmọ kan pariwo lẹ́yìn mi.

"Ẹ jẹ́ ká ṣe wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe wá!"

Àdá ń kan ara wọn lẹ́yìn mi. Kì í ṣe Kúnlé ló ń bà mí lẹ́rù mọ́, àwọn ọmọ tèmi ni. Mo rí i lójú wọn pé ìyà ti jẹ wọ́n pẹ́, mo sì mọ̀ pé bí ẹnì kan bá gbé ẹsẹ̀ kan péré, a máa pa èèyàn nínú oko yẹn.

Tóyìn jáde láàrin wọn, ó ju àdá tirẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ gbé àdá yín sílẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò mira.

"Mo ní kẹ́ ẹ gbé e sílẹ̀! Àbí kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ tiyín ni?"

Báyọ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ó gbé tirẹ̀ sílẹ̀. Òmíràn tẹ̀ lé e, títí gbogbo wọn fi tán. Bí ẹnìkejì Kúnlé ṣe rí ogún èèyàn tó dúró gbọin láìmú nǹkan kan dání, n kò mọ ohun tó rò, ó bẹ́ gìjà wọnú igbó. Ó ku Kúnlé nìkan. Ìgbà náà ni mo wá rí i pé ẹnu àdá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Báyọ̀ ní, "Kúnlé, ṣé ilé lò ń lọ?"

"Wọ́n ń dúró dè mí nísàlẹ̀ ọ̀nà," Kúnlé dáhùn. "Wọ́n ní tí mi ò bá ṣe Tóyìn léṣe lónìí, èmi ni àwọn máa ṣe é fún."

Mo wo Tóyìn. Omi ti lé ròrò sójú rẹ̀, inú sì ń bí i, mo rí i. Ó gbé ojú kúrò lára Kúnlé, ó ní, "Bọ́ sáàrin."

Kúnlé ju àdá sílẹ̀, ó bọ́ sáàrin wa. A kó gbogbo àdá sí ìdí igi rọ́bà kan, a ń lọ. Nísàlẹ̀ ọ̀nà lóòótọ́, géńdé mẹ́ta jókòó sórí ọ̀kadà. Báyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ohùn òkè bèèrè ìdáhùn ìbéèrè kan nínú ìdánwò ìṣirò, àwọn ìyókù dá a lóhùn, wọ́n ń jiyàn, ohùn wọn ń gbọ̀n, èmi náà ń dá sí i, èmi tí mi ò mọ ìṣirò rí. Àwọn géńdé náà ṣáná sí ọ̀kadà, wọ́n rọra ń tẹ̀ lé wa. Mo ń gbàdúrà lábẹ́lẹ̀, mo sì ń ka ìṣísẹ̀ wa. Ìgbà tá a dé ibi tí àwọn èèyàn ti ń fún epo, tí èrò pọ̀, ni wọ́n tó yí padà.

A sin Kúnlé dé ẹnu ilé rẹ̀. Tóyìn kò bá a sọ ọ̀rọ̀ kan lójú ọ̀nà, kò sì wò ó.

Mi ò sùn dáadáa ní òpin ọ̀sẹ̀ náà. Mo rò pé bóyá wọ́n ti lọ bá Kúnlé nílé, bóyá òun náà ti sá lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo dé iwájú ilé wọn, mo bá gbogbo ẹgbẹ́ níbẹ̀, Tóyìn sì wà níwájú. Báyọ̀ ló kan ilẹ̀kùn.

Ìyá Kúnlé ló ṣí i. Bó ṣe rí ọ̀pọ̀ ọmọ yẹn, tó rí Tóyìn, ọwọ́ rẹ̀ bọ́ lára ilẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ gbì sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa ọma mi. Mo mọ ohun tó ṣe. Ẹ má pa á fún mi."

Tóyìn náà sáré kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Mà, ẹ dìde. A ò bá ìjà wá. A wá mú un lọ sílé ìwé ni."

Obìnrin náà ń wò ó, bíi pé kò gbọ́. Tóyìn tún un sọ. Ìyá náà yíjú sínú ilé, láìdìde lórí eékún rẹ̀, ó sì pe ọmọ rẹ̀: "Kúnlé, wọ aṣọ ilé ìwé rẹ. Àwọn èèyàn rẹ ti dé."