Ọ̀kadà Tó Tutù bí Omi Àmù

Ọjọ́ tí mo lọ yan ọ̀kadà àlòkù níbi tí wọ́n ti ń tà á ní Japara kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ilé ìwé kan ní Mamu ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà mí ní tíṣà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ọ̀kadà ni. Bùọ̀dá Múfú, mẹkáníìkì tó ń kọ́ mi, tẹ̀ lé mi lọ. Kì í jókòó sẹ́yìn ẹni tó ṣì ń kọ́ ọ̀kadà gígùn, ó ní ọmọ òun ṣì kéré.

Ọlọ́jà fi ọ̀kadà pupa ńlá kan hàn mí, ó fẹsẹ̀ ta á lẹ́ẹ̀kan, ó dún. "Àǹtí, ṣé ẹ gbọ́ bó ṣe dáhùn?"

Mo fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó gbóná. A jẹ́ pé ó ti ń ta á láti àárọ̀ kí a tó dé.

Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó tutù ná." Mo jókòó tì í.

Nígbà tó tutù, ọlọ́jà ta á títí aṣọ rẹ̀ fi rin fún òógùn. Kò dún.

Mo wá gun ọ̀kadà kékeré kan tó ti ṣá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì tẹlẹ̀. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù bí omi àmù, síbẹ̀ mo ta á lẹ́ẹ̀mejì péré, ó dáhùn. Mo sanwó rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gùn ún lọ sí Mamu báyìí. Ṣùgbọ́n ti ọjọ́ yẹn ló dùn jù, nígbà tí Bùọ̀dá Múfú jókòó sẹ́yìn mi lórí ọ̀kadà náà láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́, tó ní, "Tíṣà, ó yá, ẹ gbé wa délé."