Ìwé Kenya Tí Mama Jean Bèèrè

Ìgbà tí Gary ti ilẹ̀kùn ilé ìyá rẹ̀, tó sì fi kọ́kọ́rọ́ sápò, ni mo tó mọ̀ pé mo wà nínú ewu. Ìyá rẹ̀ ń pariwo láti orí bẹ́ẹ̀dì. Gary na ìwé kan sójú mi.

“Ta ló rán ẹ? Ìlú wa lo ti ń jẹun, o tún wá ń ba orúkọ bàbá mi jẹ́?”

Ìgbà tí ìyá rẹ̀ ní òun á pe ọlọ́pàá ló tó ṣílẹ̀kùn.

Ilé ìkàwé kan ní Dagenham, nílùú òyìnbó, ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà níléèwé kí n tó kúrò nílé, mi ò lọ yunifásítì. Iṣẹ́ mi ni kí n máa gbé ìwé lọ bá àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn jáde mọ́, kí n gba èyí tí wọ́n ti kà, kí n bi wọ́n léèrè èyí tí wọ́n tún ń fẹ́. Ìtàn ìfẹ́ àti ìtàn apànìyàn ni ọ̀pọ̀ wọn ń bèèrè. Mama kan wà tó jẹ́ pé bí wọn ò bá tètè pa èèyàn nínú ìwé, á dá a padà láìkà á tán.

Mama Jean, tó ń gbé ní àdúgbò Parsloes, yàtọ̀. Ọkọ rẹ̀ ṣe ṣọ́jà ní Kenya nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà níbẹ̀, kò sì sọ ohunkóhun fún un títí ó fi kú. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ mi mú. “Wá ìwé tó dáa fún mi, èyí tí kò ní purọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tí a ṣe sí àwọn èèyàn yẹn.”

Ọ̀gá Desmond, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ mi níṣẹ́, ló mọ bí a ṣe ń wá irú ìwé bẹ́ẹ̀.

“Ẹ̀yìn ìwé ni kó o kọ́kọ́ ṣí,” ó ní. “Wo ibi tó ti rí ohun tó ń sọ. Bí kò bá sọ ọ́, dá a padà sórí pẹpẹ. Lẹ́yìn náà, wò ó bóyá àwọn tí wọ́n jẹ gàba lé lórí ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, àbí gómìnà nìkan ló ń rojọ́.”

Mo ní àwọn àgbà wa náà sọ ọ́: agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin Yorùbá, kí ni ẹ ò tíì sọ?”

A yan ìwé òyìnbó kan tó tú àkọsílẹ̀ ìjọba wò, àti ti ọmọ Kenya kan, àti èyí tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn tí ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì tì mọ́ àgọ́ ẹ̀wọ̀n nígbà ìjà òmìnira sí. Mama Jean fi awò ńlá kà wọ́n. Nígbà tí mo padà lọ, ojú rẹ̀ ti wú.

“Ìdí nìyẹn tí ọkọ mi fi máa ń kígbe lójú oorun,” ó ní. Ó tún bẹ̀ mí pé kí n wá ìwé mìíràn sí i. Ọjọ́ tí mo gbé òmíràn lọ ni Gary ọmọ rẹ̀ bá mi níbẹ̀, tó tilẹ̀kùn mọ́ mi.

Láti ọjọ́ yẹn, á dúró síwájú ilé ìkàwé nígbà tí a bá ń tì í. Kì í fọwọ́ kàn mí. Nọ́ńbà bọ́ọ̀sì mi ló máa ń pè, kó lè yé mi pé òun mọ̀ ọ́n. Ọlọ́pàá kìlọ̀ fún un, wọ́n sì ní kí èmi náà má dé àdúgbò ìyá rẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni Mama Jean kú. Níbi tí wọ́n ti bí mi, èèyàn kì í gbọ́ òkú kó jókòó. Mo ra málítì àti bisikíìtì, mo pe Sister Fúnkẹ́, ọmọ ìjọ wa tó ń tọ́jú arúgbó ní Goresbrook.

“Ṣé orí ẹ pé báyìí? Ọlọ́pàá ní kó o má débẹ̀!”

“Ìyá rẹ̀ kú, kí n má kí i kẹ̀?”

“Kí i láti ilé ẹ! Ṣé òyìnbó ló máa bínú pé o ò wá jókòó ti òun?”

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ní ẹ kú àsẹ̀yìndè Mama. Gary wo málítì, ó wò mí.

“O tún wá fi mí ṣẹlẹ́yà.”

Ó pe ọlọ́pàá pé mò ń dọdẹ ìdílé òun. Ibi iṣẹ́ ní kí n jókòó sílé títí wọn á fi wádìí. Ìwé ìgbélùú èmi àti ọkọ mi ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba nígbà náà. Bí orúkọ mi bá wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá, ta ló máa fún wa? Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, màá sá wọ balùwẹ̀. Ohun tó tún burú jù ni pé mò ń rò ó pé òtítọ́ tí mo gbé fún Mama Jean ló gba oorun ìkẹyìn lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Ìwé ìgbélùú jáde níkẹyìn, ó wá ku ẹjọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ọlọ́pàá obìnrin kan pè mí. Gary ti ta ilé náà, ó ti kó lọ sí ìlú mìíràn, kò sì ṣẹjọ́ mọ́. Ó parí. Ọkọ mi ní ká lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà ni Ọ̀gá Desmond pè.

“Padà wá lọ́jọ́ Ajé. Bàbá kan wà ní Eastbury, ó fẹ́ mọ bí àwọn òyìnbó ṣe pín Áfíríkà láàárín ara wọn. Ìwọ ni màá rán.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi níṣẹ́ inú ilé. Ẹ rán ẹlòmíràn.”

“Kò sí ẹlòmíràn, ọmọ mi.”

“Mo mọ̀, sà,” mo ní, mo sì bi í ní nọ́ńbà ilé bàbá náà.